Yáàdì Méjìlá Bàbá Pápá

Òórùn ẹfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò mọ́ omi, tó bọ́ sórí koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun ilé ní Ìbà, tí òórùn tó fara jọ ọ́ bá fẹ́ sí mi, àfi kí n dúró díẹ̀. Kì í ṣe ilé ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Pápá bọ́ọ̀lù kan ni, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkókómáíkò, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú bàbá àgbàlagbà kan tó di kẹ́tùrù ike mú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, tó ń da ẹfun sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. O lè rò pé torí mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni mo ṣe débẹ̀. Rárá o. Òfíntótó ló gbé mi dé pápá yẹn, òun náà ló sì kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Aránṣọ ni mí, ìwọ náà mọ̀. Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà ní Ìyànà-Ìbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ariwo ẹ̀rọ wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Lọ́jọ́ kan ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa gbé jẹ́sì mẹ́rìndínlógún wọlé, ó ní kí n bá òun rán nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn. Tíṣà ni kóòṣì náà, èèyàn jẹ́jẹ́, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti bọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní kí n máa yọjú sí pápá lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, torí pé àwọn ọmọ òun a máa fa aṣọ ara wọn ya. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń bínú sí rẹfirí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ ń wò níbẹ̀ kì í ṣe àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá tó ń fa ìlà ni. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti gbé inú bárékè Ọ̀jọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá gba yàrá kan sẹ́yìn pápá yẹn. Bàbá Pápá ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọn kì í lo okùn, wọn kì í lo téèpù. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Wọ́n á dúró sórí ìlà ẹnu góòlù, wọ́n á na àyà, wọ́n á wá máa gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé méjìlá, wọ́n á da ẹfun sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, ojú pẹ́nálítì nìyẹn. Wọ́n ní yáàdì kan géérégé ni gbígbẹ́sẹ̀ àwọn kọ̀ọ̀kan, pé iṣẹ́ ológun ló kọ́ àwọn, pé àwọn lè di ojú kí àwọn fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé Ìbà. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń fa ìlà náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń retí: kí ẹgbẹ́ wa gba ife líìgì lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú wọn rí i. Kóòṣì ti ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ tí ife bá dé, yàrá wọn ni yóò kọ́kọ́ sùn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ débi pé wọ́n ti kó gbogbo nǹkan kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kékeré kan síbẹ̀, wọ́n ní ibùsùn ife nìyẹn. Èmi ni mo rán etí aṣọ náà. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìdí wọn yẹ̀, ó sì tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó padà sí pápá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fa ìlà, wọ́n á ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹsẹ̀ mẹ́ta wọn ilẹ̀.

Ní ọdún yẹn ni nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Balógun ẹgbẹ́ wa, wẹ́dà kan tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí pápá, òun ló máa ń gbá pẹ́nálítì. Nílé, ó ti gbá méje, méjèèje ló wọlé. Níta, ó gbá mẹ́rin, kò sí ọ̀kankan tó wọlé nínú wọn, ọ̀kan tiẹ̀ lọ bà sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ti aṣọ́lé wa ló wá pabanbarì, torí òdìkejì ni tirẹ̀. Níta, ó ti mú pẹ́nálítì mẹ́ta. Nílé, kò tíì mú ẹyọ kan. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé orí ilé ni balógun ní, pé orí ìta ni ti aṣọ́lé, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Àlàyé kò wọ́n ní Òkókómáíkò. Àwọn kan ní àwọn tí a ń lọ bá ti ṣe nǹkan sí pápá wọn. Ìyá balógun, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, fi omi àdúrà fọ bàtà ọmọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ balógun kan tó jẹ́ mùsùlùmí mú tirà kékeré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun rán an sínú ìgbátí ṣòkòtò tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì rán an, mo tiẹ̀ rán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbá pẹ́nálítì níta, bọ́ọ̀lù gba ọ̀nà ọjà lọ. Èmi wá ń dá ara mi lẹ́bi lábẹ́nú, mo ń rò ó pé bóyá abẹ́rẹ́ mi ló gún tirà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Apá Àjáńgbádì la lọ. Balógun tún gbá pẹ́nálítì síta, kóòṣì tó dúró nítòsí mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé, "Yáàdì méjìlá péré. Yáàdì méjìlá, kò lè gbá a wọlé." Jẹ́sì tí mò ń rán lọ́wọ́ dúró. Ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ? Yáàdì. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń wọn yáàdì. Bí o bá tẹ́ aṣọ yáàdì mẹ́fà méjì sílẹ̀ níwájú mi, tí ìkan tẹ̀ lé ìkan, mo mọ ibi tó yẹ kó parí sí láì fọwọ́ kàn án. Mo wo ilẹ̀ tó wà láàárín góòlù àti àmì funfun yẹn, ó jọ yáàdì méjìlá lójú mi lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí mo rántí tilé, ọkàn mi kò gbà pé bákan náà ni.

Mo dúró títí wọ́n fi gbá a tán. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ń bọ́ bàtà, mo yọ téèpù lọ́rùn, mo kúnlẹ̀ sórí ìlà góòlù wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, mo ń fi píìnì gún ilẹ̀ níbi tí téèpù bá parí sí kí n má baà ṣì í. Obìnrin kan tó ń ta omi tutù wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún pápá ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Yáàdì méjìlá géérégé ló wà níbẹ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń jẹ mí lára. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn ku ọ̀la, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba pápá tiwa lọ. Òjò ti fọ ìlà tó wà níbẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ojú pẹ́nálítì kò ṣòro láti mọ̀, torí pé kòtò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan ti wà níbi tí balógun máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí. Mo kúnlẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Yáàdì mẹ́wàá àti ínṣì méjìlá ni mo bá. Mo tún un wọ̀n. Mo lọ sí góòlù kejì, ohun kan náà ni. Ohun tó fi dín jẹ́ odindi téèpù mi kan, ínṣì ọgọ́ta.

Kí n má parọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ òfíntótó tó kó rí ìdí nǹkan. Yáàdì mẹ́wàá ló ti mọ́ balógun lẹ́sẹ̀, méjìlá ló ń bá níta. Kò sí oògùn ní Àjáńgbádì, kò sí orí ilé, kò sí orí ìta, abẹ́rẹ́ mi kò sì ṣẹ tirà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ bá kóòṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rántí ẹni tó ń fa ìlà náà, mo sì rántí pé wọ́n ti ṣubú. Ayọ̀ yẹn bá kúrò lára mi. Lọ́la, ẹgbẹ́ kan láti Ìbà ni a fẹ́ kojú nílé, máàkì kan péré ni wọ́n sì fi jù wá lọ lórí tábìlì líìgì. Bí a bá nà wọ́n, ife di tiwa. Bí a bá ta ọ̀mì, tiwọn ni.

Bàbá Pápá jókòó síwájú yàrá wọn, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Yáàdì mélòó lẹ máa ń fún ojú pẹ́nálítì?"

"Méjìlá. Kí ló dé?"

"Mo wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án yìí ni, sà. Mẹ́wàá ni mo bá, àti díẹ̀."

Wọ́n pa rédíò. Wọ́n wo téèpù tó wà lọ́rùn mi, wọ́n ní téèpù yẹn ni kò dáa. Mo sọ fún wọn pé òun náà ni mo fi wọ̀n wọ́n fún bùbá tó wà lọ́rùn wọn yẹn. Wọ́n fọwọ́ kan ọrùn bùbá náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n fi ọ̀pá wọn ti ara ògiri, wọ́n ní, "Ó dáa. Wọn ẹsẹ̀ mi."

Mo ti wọn oríṣiríṣi èèyàn láyé mi, àyà ìyàwó, ìbàdí aláboyún, ọrùn alága, ṣùgbọ́n mi ò tíì wọn ìrìn ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n rìn lórí sìmẹ́ǹtì iwájú yàrá wọn, mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn lórí ìkúnlẹ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ aṣọ sàmì sí gìgísẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ínṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ òsì, tó wà níhà ibi tí wọ́n fi ṣèṣe, ọgbọ̀n péré. Mẹ́rìndínlógójì ló yẹ kó jẹ́. Wọ́n bojú wo àwọn àmì yẹn nílẹ̀, ojú wọn sì rí bí ojú oníbàárà tó ní kí n má wulẹ̀ wọn òun, pé kí n lo ìwọ̀n tọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí aṣọ náà wá kọ̀ tí kò kọjá àyà. Àánú wọn ṣe mí. Ó wá ń ṣe mí bíi pé kí n má ti wọn nǹkan kan.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà."

Mo wá sọ ohun tó ń tì mí lójú títí dòní. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀la fi kọjá. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ife yẹn á sùn níbí." Wọ́n yíjú wo inú yàrá, wọ́n wo orí tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ funfun tó wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ ẹ, ó wù wọ́n dé ọkàn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò le rárá. "Títí di òní, àṣìṣe ni. Bí mo bá tún fa á bẹ́ẹ̀ lọ́la, irọ́ ni. Má gbàgbé téèpù ẹ láàárọ̀."

Mo béèrè bóyá ká sọ fún balógun kó lè múra. Wọ́n ní rárá, pé ó máa ronú jù, pé kí n jẹ́ kó gbá a bó ṣe máa ń gbá a. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ojú tún ń tì wọ́n, èmi náà sì mọ̀, mi ò tẹnu mọ́ ọn.

Láàárọ̀ Sátidé, àwa méjèèjì nìkan la wà ní pápá. Wọ́n po ẹfun nínú garawa, wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́tùrù. Mo di orí téèpù mú lórí ìlà góòlù, wọ́n di ìdí rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á lọ ní ínṣì ọgọ́ta ọgọ́ta, bí ẹni ń wọn aṣọ ìkélé fún gbọ̀ngàn ńlá. Wọ́n da ẹfun sí ojú tuntun. Wọ́n wá padà sí kòtò àtijọ́, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ dí i, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, ní góòlù méjèèjì. Wọ́n wá ní kí n lọ jẹun, pé ọjọ́ náà máa gùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn ti kún yí pápá ká. Àwọn ará Ìbà wọlé pẹ̀lú fèrè, àwọn tiwa náà gbé ìkòkò irin tí wọ́n ń lù jáde. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kan ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa nínú àpótí, rẹfirí fun fèrè, ó nàka sí àmì funfun. Pẹ́nálítì fún àwọn àlejò. Gbogbo èèyàn ká ọwọ́ lérí, torí pé aṣọ́lé wa kì í mú un nílé. Ọmọ Ìbà náà gbá a gidi, sí ẹ̀bá òpó, aṣọ́lé wa fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í síta. Ariwo yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ìyànà-Ìbà. Aṣọ́lé dìde nílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò dá wọn mọ̀. Mo wo Bàbá Pápá, àwọn náà wò mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ronú lórí balógun, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé bí a bá sún àmì yẹn sẹ́yìn, a sún un fún aṣọ́lé náà.

Òdo sí òdo la ṣì wà nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ta balógun lẹ́sẹ̀ nínú àpótí, ní iwájú góòlù yẹn kan náà, torí a ti pààrọ̀ ìhà nígbà tí a sinmi. Pẹ́nálítì. Àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó kó tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n ń ka méje, wọ́n ń fi ìka ṣe mẹ́jọ. Mo rí i tó ń fi àtẹ́lẹ̀ bàtà wá kòtò rẹ̀ tí kò rí i. Ó wo ilẹ̀, ó wo àmì funfun, ó wo góòlù. Ó gbé bọ́ọ̀lù sórí àmì náà. Mo fẹ́ pariwo pé kó rọra, pé ó ti jìn sí i, ẹnu mi kò ṣí. Ó sáré, ó gbá a bó ṣe máa ń gbá a, bọ́ọ̀lù náà lọ sókè, ó ba irin òkè, ó sì fò kọjá. Kò pẹ́ tí rẹfirí fun fèrè ìparí. Ife di ti Ìbà.

Balógun jókòó sílẹ̀, ó fi jẹ́sì bojú. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́, mi ò mọ ẹni náà: ojú kan náà, bọ́ọ̀lù méjì, kò sí èyí tó gbà láti wọlé. Ẹlòmíì ní wọ́n ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n wá wo ilẹ̀ dáadáa, wọ́n rí iyẹ̀pẹ̀ tuntun níwájú àmì náà, ibi tí bàbá ti dí láàárọ̀. Ẹ̀rí dé nìyẹn. Ẹnì kan sáré lọ mú ṣọ́bìrì níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àwọn kan ti ń fa àwọn àlejò láṣọ, wọ́n ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n kó wá. Balógun fúnra rẹ̀ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó gba ṣọ́bìrì náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ."

Ohùn tí mo gbọ́ nígbà yẹn, ohùn bárékè ni. "Ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀." Bàbá Pápá ń bọ̀, wọn ò mú ọ̀pá dání. Àwọn èèyàn yà fún wọn. Wọ́n lọ dúró sórí ìlà ẹnu góòlù, wọ́n na àyà wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀, wọ́n ń kà á sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ọ̀kan. Méjì. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ń fà nílẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó, bí ẹni pé a kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo Sátidé la fi ń rí i. Nígbà tó pé méjìlá, wọ́n dúró. Orí iyẹ̀pẹ̀ tuntun yẹn ni wọ́n dúró sí. Àmì funfun ṣì wà níwájú wọn, odindi téèpù kan.

"Ibi tí mo dúró sí yìí lẹ ti ń gbá a látìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó ri nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ti kúrú. Mo mọ̀ lánàá, mi ò sọ fún balógun. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Ẹ má bá a wí."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n máa bú wọn, mo sì ti ń múra láti sọ pé èmi náà mọ̀. Aṣọ́lé ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù yẹn fi pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tó di àwọn àlejò láṣọ sì tú. Kóòṣì àwọn ará Ìbà wá bọ Bàbá Pápá lọ́wọ́, ó ní àwọn náà ti gbá pẹ́nálítì lójú kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, pé kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Balógun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Méjèèje, Bàbá?"

"Méjèèje."

Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ó lọ gbé bọ́ọ̀lù, ó gbé e sórí àmì funfun, ó ní kí aṣọ́lé lọ dúró. Èyí àkọ́kọ́ lọ síta. Èkejì, aṣọ́lé mú un. Àwọn àlejò gbé ife wọn lọ, àwọn èèyàn ń túká, ó ṣì ń gbá a. Bàbá Pápá dojú garawa ẹfun dé, wọ́n jókòó lé e. Mi ò ka iye tó gbá kí ọ̀kan tó wọlé. Nígbà tó wọlé, kò sẹ́ni tó pariwo. Balógun kàn wo bàbá, bàbá sì mi orí sí i, ó tún lọ gbé bọ́ọ̀lù wá.

Ọdún yẹn ti kọjá, ẹgbẹ́ wa kò sì tíì gba ife kankan. Aṣọ funfun yẹn ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ra téèpù gígùn kan fún Bàbá Pápá, irú ti àwọn kọ́lékọ́lé, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi kọ́ ògiri, wọn ò lò ó rí. Wọ́n ní kí n wá tún ẹsẹ̀ àwọn wọ̀n. A ṣírò rẹ̀ papọ̀: bí ìrìn wọn ṣe rí nísinsìnyí, ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ló ń jẹ́ yáàdì méjìlá. Ínṣì méjì péré ló fi lé, wọ́n ní àwọn lè fojú yọ ọ́. Láti ìgbà náà, mẹ́rìnlá ni wọ́n ń kà.

Èmi náà kò lo ìwọ̀n àtijọ́ mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á ní, "Àǹtí, ẹ̀ ń dà mí láàmú, ṣebí ẹ ti wọ̀n mí lọ́dún tó kọjá." Mo máa ń sọ pé kó dìde dúró. Àwọn kan máa ń bínú, àwọn mìíràn á fa ikùn wọn wọlé, mo sì máa ń dúró títí wọ́n á fi mí síta. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ mi ni láti mọ iye tí nǹkan jẹ́. Bàbá yẹn ló kọ́ mi pé ẹni tí wọ́n ń wọ̀n ló níṣẹ́ ńlá, torí òun ló máa gbọ́ iye náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ líìgì kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ kí n wá fi téèpù yẹ ẹsẹ̀ àwọn wò. Mo lọ lọ́dún yìí náà. Ìrì wà nílẹ̀, ẹfun ń rùn. Wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n rìn, ó pẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n ka mẹ́rìnlá, wọ́n dúró láì bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ó pé?" Mo kúnlẹ̀, mo wo téèpù. Kò pé. Kò sí ẹlòmíì ní pápá, ó sì wù mí kí n ní ó pé. Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá." Wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ òsì yẹn, wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni wọ́n wí, wọ́n sì da ẹfun síbẹ̀.